Àmín Tí Bàbá Àgbà Kò Ṣe

Kàmórù aránṣọ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Kàmórù fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó dé ilé wa ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó ní ẹnì kan rán òun wá wọn Bàbá Àgbà fún aṣọ funfun. Inú Bàbá Àgbà dùn. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aláàdúrà tó wà ní abúlé wa, wọ́n sì rò pé ará ìjọ kan ló fẹ́ fi aṣọ àdúrà ta wọ́n lọ́rẹ nítorí ipò alága káńsù tí wọ́n ń dù. Wọ́n dìde, wọ́n na apá méjèèjì. Kàmórù wọn èjìká, ó wọn gígùn láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀.

Mo ní kò tíì wọn ọwọ́ aṣọ. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ẹni tó rán òun sọ pé aṣọ náà kò ní lọ́wọ́, kò sì ní lọ́rùn, pé kí òun kàn rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Aṣọ funfun tí kò lọ́wọ́ tí kò lọ́rùn, gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n ń rán an fún. Kàmórù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bàbá Àgbà nìkan ni apá wọn ṣì wà ní nínà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní: "Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọwọ́ sí i. Mo ṣì ń lò ó."

Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí a sin wọ́n. Àrùn ogbó ló mú wọn lọ, lórí ibùsùn wọn, a sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn. Mo dìde, mo kí àwọn àlejò káàbọ̀, mo jókòó. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwé rọrùn fún mi ju kí n dúró níwájú èrò lọ. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, n kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn tò. Ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú náà tàbí ẹni tó ń darí rẹ̀ lágbègbè wa nígbà yẹn. Olórí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, Olórí náà ni n ó máa pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà, èmi náà wà, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Bàbá Àgbà ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá àwọn wolé-wolé láyé, àwọn ni ìjọba máa ń rán wọ ilé onílé láti wo ibi ìdáná, ilé ìyàgbẹ́ àti omi mímu. Ìfẹ̀yìntì kò mú un kúrò lára wọn. Ilé yòówù tí wọ́n bá wọ̀, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ti ṣí ìdérí àmù, wọ́n á tẹjú mọ́ omi, bóyá tanwíji ń jó nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń polongo ìbò kiri náà ni wọ́n ń ṣe é. Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, obìnrin kan ti tẹ́ ẹní fún wa, ó ti ń pè wọ́n ní "alága wa," kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé ìdí àmù rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀fọn lẹ ń sìn níbí."

Àlàájì Lásísì, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ló ń wa ọkọ̀ tí a fi ń kiri. Ó fẹnu sí mi létí. Ó ní, "Ìbò mẹ́fà ti lọ. Obìnrin yìí lọ́kọ, ó lọ́mọ mẹ́rin."

Bàbá Àgbà gbọ́ ọ. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní: "Ọmọ mẹ́rin yẹn ni mo ń wò nínú àmù."

Ẹ̀sìn wọn àti omi kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Nínú ìjọ wa, omi la máa ń gbàdúrà sí fún aláìsàn, ènìyàn á sì gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ wá. Kẹ́ẹ̀gì tí ewéko bá ti hù sínú rẹ̀, Bàbá Àgbà á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ní wọn kò nígbàgbọ́ tó. Wọ́n á ní Ọlọ́run tó ń fi omi wo aláìsàn kò ní bínú bí a bá fọ kẹ́ẹ̀gì. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ méjì lágbo ilé kan náà, ní abúlé tí kò jìnnà sí tiwa. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì sin àwọn ọmọ náà. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú, Bàbá Àgbà yà sí etí odò tí gbogbo abúlé ń pọn. Wọ́n bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́. "A ti gbàdúrà lórí omi yìí títí. Ó ku kí ẹnì kan lọ gbẹ́ kànga." Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣèlérí. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Àlàájì di wèrè. Ibi tí àwọn olùdíje yòókù ti ń ṣèlérí títì àti iná, Bàbá Àgbà á dúró, wọ́n á ní: "Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. N kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run á jẹ́ kí n ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, ẹ bi í léèrè ẹni tó sọ fún un." Èrò á wo ara wọn. Àlàájì á di orí mú. Ó ní òun kò rí irú Kìrìsìtẹ́nì yìí rí, pé àwọn Mùsùlùmí náà ń sọ pé inṣá Àlàáù, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣèlérí ná kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn arúgbó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà. Bàbá kan bá mi ní ìdí ọkọ̀, ó ní òun ti dìbò fún ìlérí láti ìgbà tí irun orí òun ti dúdú, òun fẹ́ dìbò wò fún ẹni tó ní òun kò mọ̀.

Ìjà tó dun Bàbá Àgbà jù kì í ṣe ti òṣèlú. Ti Wòlíì ìjọ wa ni. Ní ìsìn kan, Wòlíì ríran, ó ní òun rí alàgbà kan nínú aṣọ funfun lórí àga káńsù. Ìjọ pariwo. Kí ìsìn tó parí, ẹnì kan ti lẹ àwòrán Bàbá Àgbà mọ́ géètì. Wọ́n jáde, wọ́n fi èékánná ya á kúrò, ó ń já wẹ́wẹ́, gbogbo wa dúró à ń wò. Wòlíì bi wọ́n léèrè bóyá ìran Ọlọ́run ni wọ́n ń fà ya. Wọ́n ní: "Ọlọ́run kò ní káàdì ìdìbò ní wọ́ọ̀dù wa." Oṣù márùn-ún gbáko ni Wòlíì kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó dùn wọ́n, mo mọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn nínú ìsìn láàárín àkókò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan. "Bí mo bá fi orúkọ Jésù wọlé, orúkọ ta ni n ó fi jáde bí mo bá ṣìṣe?"

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmín.

Nínú ìjọ, kò sẹ́ni tí àmín rẹ̀ tó ti Bàbá Àgbà. Bí wọ́n bá ṣe é, páànù á dún, ọmọ tó ń sùn á jí. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo àdúrà ni wọ́n ń ṣe é sí. Bí ẹnì kan bá ń gbàdúrà pé kí ọ̀tá òun ṣubú lulẹ̀ kí ó kú, wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọ́n á máa wo àjà. Mo ti bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. "Àmín ni ìtẹ̀ka mi. N kì í tẹ̀ ẹ́ sí ìwé tí n kò fara mọ́."

Nígbà tí ẹgbẹ́ ti fa Bàbá Àgbà kalẹ̀ tán, Olórí pe gbogbo olùdíje sí ilé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Mo bá wọn lọ, mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. A ti gbọ́ pé ìbúra ni yóò jẹ́. Àmọ́ ọgbọ́n Olórí ju ìyẹn lọ. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀. Bí ó bá gbé irin kalẹ̀, ẹnì kan á yarí. Àdúrà ló gbà. Ta ni yóò kọ àdúrà àgbà?

Ó ní ẹni tó bá wọlé tán tó kẹ̀yìn sí ẹni tó gbé e wọlé, kí ilẹ̀ jẹ ẹ́. Gbogbo ilé ní àmín. Ó ní ẹni tí a bá pè tí kò jẹ́, kó má rí ẹ̀yìn ọdún. Àmín. Ó ní ẹni tí a bá ní kó fọwọ́ síwèé tó ní òun fẹ́ kà á ná, kí ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, gbogbo wa sì ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà wo apá ọ̀dọ̀ mi. A tó ogún nínú yàrá yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo tí kò là ni gbogbo wa gbọ́.

Olórí yí sí wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá Wolé-wolé, ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?"

Bàbá Àgbà ní: "Ọ̀fun mi dá ṣáṣá, Olórí. Àdúrà yẹn ni ara rẹ̀ kò dá."

Ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ ni Kàmórù gbé téèpù dé ilé wa. Ó padà rán aṣọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí i, ó fi ọrùn sí i, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀. Bàbá Àgbà wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn.

Èmi kò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́sàn-án, ọkùnrin mẹ́ta dá mi dúró níbi tí ọ̀nà ti yà sí abúlé wa. Mo mọ̀ wọ́n sójú. Ọ̀dọ̀ Olórí ni wọ́n máa ń jókòó. Èyí tó dàgbà jù jókòó sórí alùpùpù, ó gbé àdá lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò wo ẹnu àdá náà bí ẹni tó fẹ́ lọ sóko. Ohùn rẹ̀ tutù. "Àǹtí Tíṣà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé Bàbá ṣe àmín àbí wọn ò ṣe é?"

Mo ní, "Wọ́n ṣe é."

"A ò gbọ́ ọ."

"Inú ni wọ́n ti ṣe é. Eyín ló ń dùn wọ́n."

Ó ronú. Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Eyín ni." Wọ́n bá mi gbé báàgì mi tó ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan rọ̀. Àwọn tó ti ń sá fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Olórí fi iṣu ránṣẹ́. Ó di ọjọ́ kan, ó fi ìdì orin ata ránṣẹ́, ó ní kí Bàbá máa run ún ní àárọ̀, pé yóò dá ìrora náà dúró. Bàbá Àgbà mú orin kan, wọ́n ń yí i ká. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé eyín wọn pé, wọ́n sì máa ń fi í yangàn. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún Olórí pé eyín ń dùn mí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè, pé ṣé àdá náà kàn mí lára. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n dìde.

Àlàájì wà níbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo purọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ ká wọlé ná, kí o gbẹ́ kànga rẹ, kí o wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olúwa rẹ. Ó ní àánú, àbí kò ní?"

Bàbá Àgbà ní Ó ní àánú. "Àmọ́ kànga tí mo bá fi irọ́ gbẹ́, n kò ní lè ṣí ìdérí rẹ̀ wò."

Ìyá mi ló bá wọn jà. N ó kọ eléyìí náà sílẹ̀, ìfẹ́ tí mo ní sí wọn kò ní kí n pa á mọ́: wọn kò bi wá léèrè bóyá a fẹ́ bá wọn wọnú ewu. Ìyá mi, ìyàwó ọmọ wọn tí kì í gbójú sókè wò wọ́n, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bẹ̀rù. Àwa tí ẹ̀rù ń bà ńkọ́?" Wọ́n ní: "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Bí mo bá dúró dìgbà tí kò bà yín mọ́, n kò ní jáde láé." Inú bí mi sí ìdáhùn yẹn. Inú ṣì ń bí mi sí i nígbà mìíràn.

Ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ wáyé ní pápá kan ní Ìyànà Ọ̀fà. Bàbá Àgbà wọ aṣọ tí Kàmórù rán. Olórí gbé ọwọ́ wọn sókè níwájú èrò, ó ní Bàbá Wolé-wolé tiwa ni, ó ti ṣe àmín pẹ̀lú wa. Ó gbé máìkì fún wọn.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní mo ṣe àmín. N kò ṣe é. Ọmọ mi ló ní mo ṣe é, nítorí pé wọ́n fi àdá hàn án. Irọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó gbé àdá ló ni ín."

Mo ń wá ibi tí n ó gbà sá. Wọ́n ní kì í ṣe pé àmín wọ́n àwọn. Kí ẹnì kan gbàdúrà fún àwọn tó ń pọn odò, kí a wò ó bóyá àwọn kò ní ṣe é. Àlàájì Lásísì ló la ẹnu. Ó dìde láàárín èrò, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á tún tìtorí omi sin ọmọ mọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Mo ti gbọ́ àmín Bàbá Àgbà láti kékeré. N kò gbọ́ irú ti ọjọ́ yẹn rí. Pápá gbà á lẹ́nu wọn, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì. Mo wo Olórí. Ẹnu rẹ̀ kò mì.

A kò tíì jáde tán nígbà tí òkò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ wa. Ẹnì kan sọ àdá gba ojú fèrèsé, ó ṣá Àlàájì lápá. Ọwọ́ kan ló fi wakọ̀ gbé wa dé Ìrókò, níbi tí a ní ẹbí. Àpá náà wà lápá rẹ̀ dòní. Ó máa ń sọ fún ènìyàn pé òun nìkan ni Mùsùlùmí tí wọ́n ṣá nítorí àmín Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹgbẹ́ yọ orúkọ Bàbá Àgbà, wọ́n fi ti ẹlòmíràn sí i, ẹni náà sì wọlé. Bàbá Àgbà padà sí abúlé lẹ́yìn oṣù kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, bóyá nítorí ohun tí pápá ti gbọ́. Èmi ni àwọn ọkùnrin Olórí ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní ẹni tó purọ́ fún Olórí kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ Ìyànà Ọ̀fà mọ́, pé bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á mú ahọ́n mi. Mo gba ìyípadà lọ sí ilé ìwé kan ní Ìrókò. Bí mo bá fẹ́ lọ kí ìyá mi, ọ̀nà Ṣáṣá ni mo ń gbà yí ká, n ó wá gba ọ̀nà oko wọlé. Ọdún mẹ́rin. Bí alùpùpù bá rọra lẹ́yìn mi, n ó bẹ́ sínú igbó.

Ọdún kẹrin, nígbà ọyẹ́, mo wà ní abúlé nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé. Olórí ló sọ̀ kalẹ̀, òun àti awakọ̀ rẹ̀ nìkan. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé etí sí i. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n fún un ní àga. Olórí jókòó. Ó ní alága tí òun gbé wọlé ti lé òun kúrò nínú ìpàdé tí òun dá sílẹ̀. Ó ní ohùn alága náà ló ròkè jù nínú yàrá lọ́jọ́ àdúrà yẹn, pé òun rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun kò wá béèrè nǹkan kan. Òun kàn fẹ́ jókòó sí ibi tí òun ti mọ ohun tó wà nínú onílé.

Mo ń retí kí Bàbá Àgbà fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kan wà nínú yàrá yẹn tí kò lè gba títì wálé. Ẹ tú u sílẹ̀."

Mo gbọ́ tí Olórí ń tẹ fóònù. Ó pe ọkùnrin tó gbé àdá lé itan, ó pè é lórúkọ. "Ọmọ Bàbá Wolé-wolé, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀. Ó parí."

Ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà ní àwọn fẹ́ ra bàtà, kí n mú àwọn lọ sí Ìyànà Ọ̀fà. Mo ní kí a rán ènìyàn. Wọ́n ti dé fìlà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, mo rí ọkùnrin náà lórí alùpùpù rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ó kí mi pé ọjọ́ mẹ́ta. Mo dá a lóhùn. Mo mú Bàbá Àgbà nígùnpá, mo ń fà wọ́n lọ láàárín àwọn tó ń ta tòmátì àti ẹ̀lùbọ́, mo ń wẹ̀yìn, mo ń sáré, àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tẹ̀ lé mi bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn.

Wọ́n dúró láàárín ọjà. Wọ́n yọ ìgùnpá wọn kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Mojí, rọra máa rìn. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."